Ilẹ̀ Tí Kò Fojú Kan Òkun: Odò Ọya àti Àwọn Apẹja Ilẹ̀ Málì

Kí ìjọba tó fi odi ńlá dí odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1968, ohun kan wà létí odò náà tí ó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu, tí àwọn àgbà sì fi ń kọ́ wọn pé ayé gbòòrò ju ibi tí ojú ènìyàn mọ lọ: ẹ̀ẹ̀mejì ni odò náà máa ń kún láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ìkún àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí àsìkò òjò ni, nígbà tí àgbàrá ń gbá ẹrẹ̀ oko wọ inú odò, tí ojú omi sì ń rí bí ìgbà tí a po ẹfun sínú rẹ̀. Omi funfun ni wọ́n ń pe èyí. Ìkún kejì ni àwámárìídìí. Inú ọyẹ́ gan-an ni, nígbà tí ètè ń là, tí koríko ti gbẹ kanrin, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí ẹ̀kán òjò kan bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn, ni odò Ọya yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí omi tí ó mọ́ gaara, tí ó sì dúdú bí aró bí a bá ń wò ó láti òkèèrè, yóò máa gun bèbè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi dúdú ni wọ́n sọ èyí. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, odò kì í sì í kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìnídìí.

Òjò tí ó bí omi dúdú yìí kì í ṣe òjò ilẹ̀ wa rárá. Lórí àwọn òkè ilẹ̀ Gínì ni ó ti rọ̀ ní nǹkan bí ìdajì ọdún ṣáájú, ní ibi tí kò jìnnà púpọ̀ sí òkun. Ṣùgbọ́n dípò kí omi náà gba ọ̀nà àbùjá lọ sínú òkun tí ó wà nítòsí rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó kọ sí i, tí ó dorí kọ ìhà àríwá, tí ó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà ní Timbuktu, kí ó tó wá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, kí ó sì máa bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa. Ìrìn náà tó nǹkan bí kìlómítà 4,180 láti orísun dé òkun. Àwọn baba wa tí wọ́n fi odò yìí pe Ọya, aya Ṣàngó, obìnrin tí ìjì ń bẹ ní ìkáwọ́ rẹ̀, Ìyá Mẹ́sàn-án tí kì í jókòó sójú kan, kò ṣì í pè. Ṣùgbọ́n ibìkan wà lójú ọ̀nà tí Ọya pàápàá ti máa ń jókòó sinmi fún oṣù mélòó kan, tí ó ń sọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń bọ́ ènìyàn, màlúù, ẹyẹ àti ẹja, kí ó tó gbéra ńlẹ̀ pẹ̀lú omi tí ó ti mọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Málì, ẹja ibẹ̀ àti àwọn tí ń pa á ni mo sì fẹ́ kí a jọ fi ọkàn bá lọ.

Ilẹ̀ Málì tóbi ju ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ kò sí ibi tí ọmọ Málì lè dúró lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ kí ó sì gbọ́ ariwo ìgbì òkun. Orílẹ̀-èdè méje ni ó yí i ká bí ọgbà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹja yóò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ bí ojú, àti pé ẹran màlúù àti ti àgùntàn nìkan ni yóò máa wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀: nǹkan bí kìlómítà 1,700 nínú ìrìn odò Ọya ni ó jẹ́ ti Málì, tí ó fi jẹ́ pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí odò náà pẹ́ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹja odò yìí sì ti jẹ́ oúnjẹ, owó àti ògo fún àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Láàárín Djenné àti Timbuktu ni ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Nígbà tí omi òkè Gínì bá dé ibẹ̀, tí odò Bani sì wá da omi tirẹ̀ kún un ní ìlú Mopti, bèbè kò lè gba odò mọ́. Omi a fọ́n ká sínú ìṣàn kéékèèké tí ẹnìkan kò lè ka iye wọn, a wọ inú adágún, a bo pápá, a sọ àwọn abúlé di erékùṣù, débi pé ẹni tí ó rìn dé oko rẹ̀ lánàá yóò tukọ̀ dé ibẹ̀ lónìí. Ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni omi yìí máa ń kún jù ní Mopti, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, ó sì tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kún dé Timbuktu. Ní ọdún 2004 ni wọ́n kọ orúkọ ilẹ̀ àbàtà yìí sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi, ìwọ̀n tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un lé ní 4,000,000 hẹ́kítà. Ẹ ò rí i pé ẹni tí Elédùmarè kò fún ní òkun, ó lè fún un ní ìkún omi tí ó fẹ̀ bí òkun.

Koríko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bourgou, inú omi ni ó ń dàgbà, bí omi bá ṣe ń ga ni òun náà ń ga. Nígbà tí omi bá kún, abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja sì ń sá sí fún àwọn tí ó fẹ́ gbé wọn mì. Nígbà tí omi bá fà, tí ilẹ̀ bá yọ, koríko kan náà ni àwọn Fúlàní ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù wá jẹ, ìgbẹ́ tí àwọn màlúù náà sì ṣu sílẹ̀ ni yóò di ọ̀rá ilẹ̀ tí yóò bọ́ ẹja ọdún tí ń bọ̀. Àwọn mìíràn ń gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ kan náà. Báyìí ni darandaran, àgbẹ̀ àti apẹja ṣe ń jẹ nínú àwo kan, tí oníkálukú ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Bí ẹnìkan nínú wọn bá kánjú, ìjà dé nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ní sùúrù, gbogbo wọn ni yóò yó.

Àwọn tí wọ́n ni iṣẹ́ ẹja níbẹ̀ ni àwọn ará Bozo. Orúkọ tí gbogbo Málì fi mọ̀ wọ́n ni ọ̀gá omi, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹ̀yà tí ó ṣáájú wọn débi omi náà. Àwọn Somono wà pẹ̀lú wọn ní ìhà Ségou, tí àwọn náà jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ọkọ̀ títù àti àwọ̀n dídẹ, àwọn Sorko sì wà nísàlẹ̀ odò láàárín àwọn Songhai. Ọmọ Bozo kì í dúró di ìgbà tí yóò tó géńdé kí ó tó mọ iṣẹ́: bí ó bá ti lè dá jókòó nínú ọkọ̀ láìṣubú ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, bí a ṣe ń tún ojú àwọ̀n tí ó ya ṣe, bí a ṣe ń wo rírú omi kí a lè mọ irú ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àwọn baba wọn mọ ohun tí àwọn baba tiwa náà mọ̀, pé ẹja gbígbẹ kò ṣe é ká.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn Bozo àti àwọn Dogon, ará orí òkè, tí ó fi hàn bí ẹja ti jinlẹ̀ tó nínú ayé wọn. Wọ́n ní nígbà kan tí ìyàn mú, ọmọ Dogon kan ń kú lọ fún ebi ní sàkání apẹja Bozo kan. Apẹja náà wá ẹja títí, kò rí. Nígbà tí àánú ọmọ náà sì ṣe é jù, ó gé nínú ẹran ara rẹ̀, ó sè é, ó fún ọmọ náà jẹ, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ni Bozo àti Dogon ti mu májẹ̀mú pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn, pé àwọn kò ní fẹ́ ara wọn, pé àwọn kò sì ní pa ara wọn lára. Títí di òní, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. Ẹ wo irú ènìyàn tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí kò rí ẹja fún àlejò, ara rẹ̀ ni ó gé.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ipá ṣe. Omi ni ó ń sọ fún wọn ohun tí wọn yóò ṣe. Nígbà tí omi bá ń gòkè, ẹja ń fi odò sílẹ̀ lọ sí pápá láti lọ yé ẹyin. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń pa nígbà náà, ìgèrè ni wọ́n ń rì sí ojú ọ̀nà láàárín koríko. Nígbà tí omi bá ń fà ni ìkórè dé. Ẹja tí ó ti sanra ní pápá ń wá ọ̀nà padà sínú odò, àwọn apẹja a sì fi ìfẹ̀fẹ̀ àti igi ṣe ọgbà dí ẹnu ìṣàn kéékèèké, wọn a fi ìgèrè sí ojú àlàfo tí wọ́n dá sí, wọn a sì gbé àwọ̀n gígùn tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ láti fà sínú odò gan-an. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó tọmọtọmọ sínú ọkọ̀ gígùn, tí wọ́n ń tẹ̀lé ẹja láti Djenné títí dé adágún Débo àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pa àgọ́ koríko sí orí iyanrìn àárín odò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tán, tí omi kò sí mọ́ àfi nínú ibú àti kòtò, ìwọ̀, ọ̀kọ̀ àti àwọ̀n jíjù ni ó kù. Bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn: apẹja tí kò rí nǹkan mú lónìí a ká àwọ̀n rẹ̀, a sì dúró de ọ̀la.

Irú ẹja tí ó wà nínú omi náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Onímọ̀ ará Faransé kan, Jean Daget, tí ó gbé etídò náà ní Diafarabé tí ó sì fi ọdún púpọ̀ wo ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa wọn ní ọdún 1954, ìwé náà sì di àmúwò fún gbogbo ẹni tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará ọjà mọ̀ bí ẹni mọ ojú ni àwọn tí mo fẹ́ kà wọ̀nyí.

Ọba wọn ni èyí tí àwọn ará Málì ń fi èdè Faransé pè ní kápítéènì, tí àwọn Bambara ń pè ní saale. Ẹja olójú wúrà ni, elẹ́yìn gíga, oníìpẹ́ bí owó fàdákà, ọ̀gá ibú tí ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè gùn tó mítà 2, ó sì lè wọ̀n tó kílò 200, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Ẹran rẹ̀ funfun, egungun rẹ̀ kò pọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń gbé ka iwájú àlejò pàtàkì. Nínú odò Ọya, níbi tí Elédàá fi í sí, kò ba nǹkan jẹ́, nítorí àwọn ẹja tí ó kù ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ gbé irú ẹja yìí kan náà lọ sínú adágún Victoria, tí ilẹ̀ Ùgáńdà, orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò ní òkun, wà létí rẹ̀, láàárín ọdún 1950 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn 1960, ó jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹja kéékèèké ibẹ̀ run pátápátá. Ó pa owó ńlá wọlé fún àwọn oníṣòwò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ọlá nílé ẹnìkan lè di àjálù nílé ẹlòmíràn.

Ẹpìyà ni ó tẹ̀lé e, tí àwọn Bambara ń pè ní ntẹbẹn. Bí kápítéènì bá jẹ́ ẹja ọlọ́lá, ẹpìyà ni ẹja gbogbo ayé, òun ni ó wà nínú abọ́ olówó àti ti òtòṣì. Ìyá rere ni ẹpìyà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, bí ó bá ti yé ẹyin tán, ẹnu ni ìyá ń kó wọn sí, a gbààwẹ̀ nítorí wọn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà títí wọn yóò fi lè dá dúró. Bí ewu bá sì yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde, a la ẹnu, gbogbo wọn a sì rọ́ padà wọlé. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní àsìkò yìí, kì í ṣe ẹja kan ni ó pa, agbo ilé kan ni ó tú.

Àrọ̀ ni ẹ̀kẹta, manọgọ ni lẹ́nu àwọn Bambara. Àrọ̀ abarapá dúdú, onírùngbọ̀n gígùn, aláìníìpẹ́ tí ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ẹja yòókù ń kú bí omi bá gbẹ, ṣùgbọ́n àrọ̀ mọ bí a ṣe ń mí atẹ́gùn òkè, nítorí náà ó lè wà nínú ẹrẹ̀ tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì máa retí òjò. Ẹnìkan tún wà tí ó ju àrọ̀ lọ nínú ọgbọ́n yìí: ẹja gígùn kan bí ejò, tí ó ní ẹ̀dọ̀fóró bí ti ènìyàn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀, a ká ara rẹ̀ jọ, a sì fi itọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ bora. Ilẹ̀ a gbẹ mọ́ ọn lórí, a sùn níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹ láìmu, títí omi ọdún mìíràn yóò fi wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà, ẹja yìí sì ni àrólé rẹ̀.

Ẹja kékeré kan wà tí ó yẹ kí a bu ọlá fún ju bí ó ti tóbi lọ, tineni ni orúkọ rẹ̀. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ bí eéṣú, ọ̀rá inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n ń sè é láti fún òróró rẹ̀, òróró yìí sì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se ọbẹ̀ ní agbègbè tí igi ọ̀pẹ kò ti hù. Nígbà tí omi bá ń fà ni ogunlọ́gọ̀ wọn ń wọ́ lọ sókè odò, àwọn àgbà apẹja sì mọ ìgbà náà bí àgbẹ̀ ṣe mọ ìgbà tí iṣu ta.

Àwọn yòókù pọ̀. Wulujẹgẹ wà, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ẹja ajá, nítorí eyín rẹ̀ tí ó yọ síta lẹ́nu rẹ̀ bí ti ajá tí ń gbó. Òjìjì wà, tí àwa náà mọ̀ dáadáa, aláwọ̀ bọ̀rọ̀kìní tí ó gbé àrá pamọ́ sínú ara. Iná tí ó ń jù lè tó 350 volt, apẹja tí ó bá gbá a mú láìfura yóò ju àwọ̀n náà sílẹ̀ kí ó tó mọ̀. Fana wà, oníìpẹ́ ńlá, tí ń tẹ koríko ṣe ìtẹ́ rìbìtì sínú àbàtà bí ẹyẹ, tí ó sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Onírùngbọ̀n kékeré kan sì wà, ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀yìn, tí ó ń ké nígbà tí a bá fà á jáde nínú omi, bí ẹni pé ó ń fi ẹjọ́ apẹja sùn.

Ọkùnrin ń pa ẹja, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ń sọ ẹja di owó. Oòrùn ilẹ̀ náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹja tí a pa ní òwúrọ̀ yóò ti máa rùn kí ọ̀sán tó pọ́n, yìnyín kò sì sí ní àgọ́ àárín odò. Àwọn obìnrin ni ó ń la ẹja, tí ń fọ̀ ọ́, tí ń sá a sórí ẹní àti koríko, tí ń to ti ńlá sórí ààrò amọ̀ láti yan án. Igi ìdáná ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí náà ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ náà ń ṣe iná fún wọn. Bí wọ́n bá ti yan án tán, ogun kòkòrò ló kù: kòkòrò kékeré kan wà tí ń jẹ ẹja gbígbẹ títí yóò fi di ìyẹ̀fun, iye òógùn tí ó ti sọ di asán kò níye. Èyí tí ó bá bọ́ ni wọ́n ń dì sínú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá, tí wọ́n ń kó wá sí èbúté Mopti, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń tò bí ẹyẹ lékeléke, tí iyọ̀ Sàhárà, ìrẹsì, ìkòkò àti ẹja ń dúró ti ara wọn lórí àtẹ. Láti ibẹ̀ ni ẹja Málì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Bamako, sí Burkina Faso, sí Côte d'Ivoire, títí dé ilẹ̀ Gánà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní òkun ń ra ẹja lọ́wọ́ èyí tí kò ní. Ìyà tí kò bá jẹ aláìní, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbà á là.

Ẹnu ọ̀rọ̀ tí mo ń bá bọ̀ rèé o. Bí omi bá lọ́rọ̀ tó báyìí, tí ebi sì ń pa ènìyàn púpọ̀, kí ni ó dé tí wọn kò ti kó ẹja náà tán láti ọdún gbọọrọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi náà ní àwọn olórí. Nínú ìdílé àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ni àwọn àgbà tí a ń pè ní olúwa omi ti ń jáde. Àwọn ni ó ń rúbọ sí àwọn ẹ̀mí inú odò, àwọn ni ó ń kéde pé adágún báyìí ti di èèwọ̀, pé ìwọ̀n àwọ̀n báyìí kò gbọdọ̀ wọ ibú báyìí, àwọn ni ó sì ń dá ọjọ́ tí a ó ṣí omi. Bí wọ́n bá ti sọ èèwọ̀, apẹja tí ebi ń pa a rìn kọjá lára omi tí ẹja ń fò nínú rẹ̀, kò sì ní na ọwọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú rí àṣà yìí, kí ó lọ sí ìlú San. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù keje tí a ń fi òṣùpá kà, ni àwọn ará ìlú náà ń pẹja nínú adágún Sanké, láti ṣe ìrántí bí a ṣe tẹ ìlú wọn dó ní ọdún 1400. Wọn a fi àkùkọ àti ewúrẹ́ rúbọ, lẹ́yìn náà tọmọdé tàgbà a bọ́ sínú omi pẹ̀lú àwọ̀n ńlá àti kékeré, fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá sì parí, àwọn oníjó tí wọ́n fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ṣe fìlà àti aṣọ wọn lọ́ṣọ̀ọ́ a jáde sí ojú ọjà. Ní Bamba ní ilẹ̀ Dogon, adágún mímọ́ kan wà tí wọn kì í fọwọ́ kàn láàárín ọdún. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣí i. Àwọn ọkùnrin yí i ká ní dídákẹ́, bí àwọn àgbà bá sì ti fún wọn ní àmì, gbogbo wọn a ya wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, kí wákàtí kan tó pé, kò ní sí ẹja níbẹ̀ mọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni wọ́n fi pa á, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún ni wọ́n fi pa á mọ́.

Ìpamọ́ yìí ni ó ń yingin lónìí. Ọ̀dá tí ó dá ní ọdún 1972 àti 1973, àti èyí tí ó tún dá ní ọdún 1983 àti 1984, mú kí ìkún omi kéré débi pé ọ̀pọ̀ pápá kò rí omi rárá, ẹja tí kò rí pápá kò rí ibi yé ẹyin sí, ohun tí àwọn apẹja sì ń pa wálẹ̀ gidigidi. Odi tí a fi ń fa omi sí oko ìrẹsì ní Markala láti ọdún 1947, àti ti Sélingué tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1982 fún iná mànàmáná, ṣe ènìyàn láǹfààní púpọ̀, adágún Sélingué sì di ibi ìpẹja tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dá dúró lókè, ó di dandan kí ó dín nísàlẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ní ọdún 1960, ìjọba kéde pé òun ni ó ni gbogbo omi, ó sì ń gba owó ìwé àṣẹ. Agbára àwọn olúwa omi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, àìsí ńlé ológbò sì sọ ilé di ilé èkúté. Àwọ̀n náílọ̀n wá dé, ó fúyẹ́, kò tètè jẹrà, ojú rẹ̀ sì wẹ́ débi pé ọmọ ẹja tí kò tíì tó ìka ọwọ́ kò lè bọ́. Lórí gbogbo rẹ̀, láti ọdún 2012 ni ogun ti wọ ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ apẹja agbègbè Mopti kò sì lè sun orí odò bí àwọn baba wọn ti ń sùn.

Nígbà tí Mungo Park, aláwọ̀ funfun tí ó kọ́kọ́ rí odò yìí ní Ségou ní ọdún 1796, padà wá tí ó wọ ọkọ̀ ní Sansanding ní òpin ọdún 1805, omi tí ó gbé e kọjá láàárín ilẹ̀ ẹja àwọn Bozo ni ó gbé e dé Bussa ní ilẹ̀ Borgu, níbi tí ó ti pàdé ikú rẹ̀. Odò kan ṣoṣo ni. Ẹja tí a bá pa ní ìpakúpa ní Mopti, ẹrẹ̀ tí a bá dá dúró ní Markala, òjò tí kò bá rọ̀ ní Gínì, gbogbo wọn ni yóò jẹ́ iṣẹ́ wọn títí dé Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́jà. Ọmọ ìyá ni àwa àti àwọn apẹja Málì, nítorí ọmú Ọya kan náà ni a jọ ń mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn tí kò ní òkun. Lára àwa tí a ní òkun, tí a ní ọ̀sà, tí a ní Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọya, ni a ti ń rí àwọn tí ń da oògùn kòkòrò kòkó sínú odò kí ẹja lè léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, àti àwọn tí ń fi àwọ̀n ẹ̀fọn pẹja. Ẹni tí ó bá se èèbù iṣu rẹ̀ jẹ, kí ni yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀? Kí àwọn baálẹ̀ etídò wa dìde, kí wọ́n bá àwọn apẹja jókòó, kí wọ́n dá ìgbà tí omi yóò sinmi, kí wọ́n sì sọ ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí di èèwọ̀. Kí ìjọba sì gbè wọ́n lẹ́yìn dípò kí ó gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ apẹja kò mọ sí kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń ju àwọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ tí kò yẹ kí a ju àwọ̀n ni ó mọ iṣẹ́ náà délé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ; apẹja tí kò bá sì jẹ́ kí odò sinmi, ọwọ́ òfo ni yóò fi ká àwọ̀n rẹ̀ wálé.